Bàbá, Kì í Ṣe Ajá Ló Ń Fà Á

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo mọ̀ pé kò sí ilé ìfìwéránṣẹ́ níbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ jù nínú mi, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó máa fi pariwo lé èèyàn lórí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ni mo jókòó sí báyìí, lórí àga tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé nígbà tí ẹ wà láyé. Ẹ má bínú. Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ara tù mí, mo sì ń gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń bá adìyẹ jà.

Màmá wà dáadáa. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ò dun wọ́n rárá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ti pààrọ̀ páànù òrùlé. Wọ́n kun ilé ìwé yín ní àwọ̀ ewé kan báyìí tí ẹ bá rí i, ẹ ó bú wọn. Ọ̀nà Ìgbógìlà ṣì burú bákan náà, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ìbẹ̀sè ti gbẹ́ ẹ di kòtò, tí èèyàn bá sá aṣọ funfun sítòsí ọ̀nà, eruku ni yóò ká wọlé. Ṣùgbọ́n torí ìwọ̀nyí kọ́ ni mo ṣe mú bírò. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ẹ má já a gbà mọ́ mi lẹ́nu bí ìṣe yín.

Bàbá, kì í ṣe ajá ló ń fa àtọ̀sí ajá.

Ẹ̀n-ẹ́n, mo mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí. Ṣé ẹ rántí ọ̀pá àtòrì yín? Kò sí ajá tó láyà láti gba iwájú ilé Tíṣà kọjá. Bí ajá kan bá ṣèèṣì tọ̀ sí ìdí igi ọsàn wa, ẹ ó bu eérú dà á, ẹ ó to òkúta yí i ká, ẹ ó sì pe gbogbo wa jáde wá wò ó bí ẹni pé ejò ló ká síbẹ̀. Ẹ ní ẹni tó bá tọ̀ lé ìtọ̀ ajá lórí, ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa tọ̀. Ẹ sọ ọ́ ní ilé, ẹ sọ ọ́ lórí ìlà ní ilé ìwé, ẹ tún lọ fi ṣe ìkìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ọmọkùnrin á ní àwọn ti gbọ́, sà. Tí wọ́n bá ti jáde ní ilé ìwé báyìí, wọ́n á bọ́ ṣòkòtò, ó di inú odò Yewa gbàmù. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Lẹ́yìn tí ẹ bá lé ajá tán ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn, ẹ ó kọrí sódò lọ wẹ̀, ẹ ó sì máa súfèé bọ̀ wálé.

Inú odò yẹn gan-an ló wà, Bàbá. Ìgbín kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò tó èékánná, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ewéko etí omi. Inú ìgbín yẹn ni aràn ti ń dàgbà. Tó bá jáde sínú omi, yóò gba awọ ara wọ inú ẹni tó bá dúró síbẹ̀, tí ẹni náà kò sì ní mọ̀. Yóò wá lọ tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ àpòòtọ̀, yóò máa yé ẹyin. Ẹyin yẹn ní ṣóńṣó lẹ́nu, òun ló ń ya ara níbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá ìtọ̀ jáde. Bí ẹni náà bá tún wá tọ̀ sínú odò, ẹyin á padà bá ìgbín, ó di ọ̀tun. Ajá ò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀. Gbogbo àwọn tí ẹ sọ lókò, tí ẹ bá pàdé wọn lọ́hùn-ún, ẹ bẹ̀ wọ́n.

Mo ń ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí i. Nítorí mo rántí bí ẹ̀yin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá ló rí i lára ṣòkòtò yín nígbà tí wọ́n ń fọṣọ. Ojú ń tì yín. Tíṣà, tó ti kìlọ̀ fún gbogbo ayé, òun náà ló wá kó o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tí ẹ lè ti fẹsẹ̀ kọ ìtọ̀ ajá, ẹ rò ó títí, ẹ ò rí i.

Nígbà tí ẹ wá gbà láti lọ sí ọsibítù ní Ayétòrò, ọ̀nà tiyín náà lẹ gbé e gbà. Ẹ gbà pé ìtọ̀ ìdájí nìkan ni ìtọ̀ gidi. Ẹ ní òun ló sùn mọ́jú nínú èèyàn, òun ló mọ àṣírí ara, pé èyí tí èèyàn bá tọ̀ lọ́sàn-án, omi tó mu lásán ni. Ẹ ti kọ́ gbogbo abúlé yìí bẹ́ẹ̀. Torí náà ẹ ó jí kí àkùkọ tó kọ, ẹ ó tọ̀ sínú ìgò tí Màmá ti fi omi gbígbóná fọ̀, ẹ ó fi ọ̀rá wé e, ẹ ó gbé e sínú báàgì tí ẹ fi ń kó ìwé, ó di orí kẹ̀kẹ́. Wọ́n á fi ẹ̀rọ awò-kòkòrò wò ó. Wọn ò ní rí nǹkan kan. Wọ́n á fún yín ní oògùn ibà tàbí ti kíndìnrín, ẹ ó padà wálé. Bàbá, ẹyin aràn yẹn kì í sábà jáde ní ìdájí! Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, tí ara ti ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn ló máa ń pọ̀ nínú ìtọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín. Bóyá wọ́n rò pé Tíṣà ti mọ̀.

Nígbà tó fi di pé inú yín le, tí ìtọ̀ ò jáde dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá oògùn. Ṣé òun ló pa yín? Àbí nǹkan mìíràn ni? Ta ni kí n bi? Àwọn dókítà tó tọ́jú yín ní òpin kọ orúkọ gígùn kan sílẹ̀ tí kò sọ ibi tó ti wá. Mo ti kà nípa àwọn tí aràn yìí wà nínú àpòòtọ̀ wọn fún ọdún púpọ̀ tó fi di jẹjẹrẹ sí wọn lára. Tí mo bá kà á báyìí, mo máa ń pa ìwé náà dé, mo máa ń lọ fọ ọwọ́.

Iṣẹ́ tí mo wá ń ṣe ní Abẹ́òkúta rèé. Ẹ máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé mò ń ṣe dókítà, mo sì ń bá yín jà pé kì í ṣe dókítà, pé iyàrá àyẹ̀wò ni mo wà. Ó dára, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ báyìí tí ẹ ò lè sálọ. Aràn yẹn, níbi yòówù tó bá fara pamọ́ sí, máa ń tú nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ lára nǹkan náà máa ń bá ìtọ̀ jáde, ìbáà jẹ́ ìdájí, ìbáà jẹ́ ọ̀sán. Tí a bá lè rí nǹkan yẹn mú, a ò ní máa wá ẹyin kiri mọ́. Ohun tí a fi ń mú un ni agbóguntàrùn, irú èyí tí ara wa fúnra rẹ̀ máa ń ṣe tó fi ń di àrùn mú. Tẹ́lẹ̀, ara eku ni wọ́n ti ń gbà á lókè òkun, wọ́n á kó o sínú yìnyín ránṣẹ́ sí wa. Kó tó kúrò ní ọwọ́ àwọn aṣọ́bodè, yìnyín ti yọ́, agbóguntàrùn ti bàjẹ́. Èyí tó bá sì dé láìbàjẹ́, kì í bá ti tẹ́lẹ̀ mu.

Ọ̀gá wa, obìnrin Ìlaròó kan tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó di ọ̀sán, ló sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, a ó máa ṣe tiwa. A mú ìlànà tí ara fi ń ṣe agbóguntàrùn náà, ìyẹn jíìnì rẹ̀, a fi sínú bakitéríà. Ẹ má jáyà, irú àwọn ohun tíntìntín bẹ́ẹ̀ ló ń mú pákí Màmá rọ̀ nínú omi. Tí wọ́n bá ti gba ìlànà yẹn, wọ́n á máa bá wa ṣe agbóguntàrùn nínú ìgò. Bí wọ́n bá ṣe ń bí sí i ni ọmọ wọn á máa ṣe é, ti òní ò ní yàtọ̀ sí ti èṣí. A ò nílò eku, a ò sì nílò aṣọ́bodè.

Ó rọrùn lẹ́nu, àbí? Èyí tí a kọ́kọ́ ṣe dì pọ̀ bí ògì tó bàjẹ́, kò mú nǹkan kan. Èyí tó tẹ̀lé e wá ń mú ohun gbogbo. A fi agbóguntàrùn náà sára ìwé àyẹ̀wò tẹ́ẹ́rẹ́ kan; tí a bá kán ìtọ̀ sí i, ìlà kan á yọ láti fi hàn pé ìwé ń ṣiṣẹ́, ìlà pupa kejì ló yẹ kó yọ tí aràn bá wà níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yọ tí aràn ò bá sí. Ìlà kejì yọ sí ti gbogbo èèyàn. Mo fi omi ẹ̀rọ dánrawò, ìlà yọ! Ọ̀gá wo ìwé náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n tètè lọ fún páìpù ní oògùn àtọ̀sí ajá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ a ò sinmi, a ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń dà wọ́n nù, títí tí a fi rí ọ̀kan tó jẹ́ pé nǹkan aràn yẹn nìkan ló ń dì mú, tó ń fi ohun tó kù sílẹ̀. Mo jó nídìí ibi tí a ti ń fọ ìgò. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín ní òwúrọ̀. Mo mú fóònù láti pè yín, mo ti wá orúkọ yín jáde kí n tó rántí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Ìyábọ̀ àbúrò mi ló kàn. Ẹ̀yin lẹ fà á lé Ráímì lọ́wọ́ kí ẹ tó lọ, ẹ sì sọ pé ọmọ dáadáa ni bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ àjàgbé ló ń wà, tó sì máa ń fi Faransé Kútọnu rẹ̀ dá wa lára yá. Wọ́n ń gbé lẹ́bàá ìyá rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ. Ọmọ ò tètè dé. Ìyẹn nìkan kọ́, Ìyábọ̀ ń rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kò yẹ kó rí i, ara sì ń ro ó. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni, mi ò ní sọ ọ́ tán fún bàbá mi. Gbogbo ibi tó ń gbé àìsàn náà lọ, àrùn tí èèyàn ń kó lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń tọ́jú. Abẹ́rẹ́ lónìí, abẹ́rẹ́ lọ́la, ẹ̀jẹ̀ náà ò dá. Ìyá Ráímì wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lójúde pé ọkọ tó ń rìnrìn àjò ní aya tó ń rìn ìrìnkurìn. Ẹ gbọ́ mi, Bàbá: Ráímì ló ń sùn ní gáréèjì káàkiri, Ìyábọ̀ tó jókòó sílé ló wá jẹ́ aláìmọ́. Ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń dun ọmọ yín, nígbà tó sì rí i pé Ráímì ò gbè é, kò bá ìyá rẹ̀ wí, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé yìí. Màmá gbà á wọlé, wọn ò bi í ní nǹkan kan.

Nígbà tí mo gbọ́ àlàyé rẹ̀ dáadáa, odò ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ìyábọ̀ ló máa ń bá Màmá rẹ pákí láfún lódò láti kékeré. Omi máa ń mù ún dé ìbàdí. Aràn yẹn máa ń bá obìnrin jà níbi tí ojú kì í tó, àwọn dókítà ò sì ní ronú kàn án. Mo ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò ní Ìlaròó, wọn ò rí ẹyin kankan. Nígbà náà, ìwé àyẹ̀wò tiwa ṣì wà lábẹ́ ìdánwò, a ò gbọdọ̀ fi dá ẹnikẹ́ni lóhùn láìjẹ́ pé ìjọba gbà wá láyè láti gbé e jáde. Mo ń bẹ Ọ̀gá lójoojúmọ́ pé tí àyè náà bá dé, kó jẹ́ abúlé wa la ó kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi ti sú àwọn. Nígbà tí àyè dé, abúlé wa la lọ.

Bàbá, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. A kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Lèmọ́ọ̀mù kéde ní mọ́ṣáláṣí, pé kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ wá látilé, pé kí wọ́n wá sí ilé ìwé lọ́sàn-án kí wọ́n tọ̀ níbẹ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀ torí Ọ̀gbẹ́ni Dúró, tí ìjọba ní kó máa fi ẹ̀rọ awò-kòkòrò wo ohun tí a bá rí, láti mọ̀ bóyá ìwé wa ń purọ́. Ìlẹ̀kùn ilé ìwé ò tíì ṣí tán tí gbogbo abúlé ti tò síwájú rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ìgò lọ́wọ́ oníkálukú. Ìtọ̀ ìdájí! Wọ́n fi ọ̀rá wé e bí ẹ ṣe máa ń wé e. Bàbá Àlàbá, àgbẹ̀ tó ni oko kòkó ìsàlẹ̀, sọ fún Ọ̀gá pé ìkéde yẹn ò yé àwọn, pé ó dájú pé àwọn ará Abẹ́òkúta ló ṣì í sọ, nítorí Tíṣà ti kọ́ àwọn ní òtítọ́. Mo fẹ́ wọlẹ̀. Inú mi sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti lọ, wọ́n ṣì ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu.

A gbà á lọ́wọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ìyábọ̀ kò jáde. Ó ní òun ò lè dúró láàárín àwọn tó ń sọ̀rọ̀ òun. Màmá ló gba tirẹ̀ wá, wọ́n fi ìborùn bò ó, wọ́n sì tò bíi ti gbogbo èèyàn, wọn ò jẹ́ kí n gbà á láìtò. A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìlà ń yọ. Ìlà yọ sí ti àwọn tó ń gbé etí odò, ó yọ sí ti Màmá, ó yọ sí ti Ìyábọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Dúró tẹjú mọ́ ẹ̀rọ wọn títí, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ̀ náà, títí kan ti Ìyábọ̀. Wọ́n bi Ọ̀gá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bóyá agbóguntàrùn wa mọ ohun tó ń mú ṣá.

Ọ̀gá wò mí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ páìpù ló wà lọ́kàn wọn. Tó bá jẹ́ pé ìlà náà kàn ń yọ bí ó ṣe wù ú, a jẹ́ pé mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún Ìyábọ̀, Ìyábọ̀ ò sì ní ohun tó fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí a dúró ná. Mo bọ́ síta, mo jókòó sórí bíríkì, mo ń wo iyanrìn.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọkọ̀ àjàgbé fi dé. Ráímì ló bọ́ sílẹ̀, ó fa ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n. Ìyá Ráímì ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́, wọ́n kí mi tán, wọ́n ní àwọn wá bá Màmá sọ ọ̀rọ̀ náà kó lè parí, kí Ráímì lè lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Inú bí mi gan-an. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé gbogbo ẹni tó bá wọ ọgbà ilé ìwé lónìí gbọ́dọ̀ tọ̀. Mo gbé ike lé Ráímì àna yín lọ́wọ́. Ó rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín, ó tún dá mi lóhùn ní Faransé, ó sì lọ. Ẹ mọ̀ pé ọmọ ìsàlẹ̀ odò ni òun náà, kí wọ́n tó kó lọ sí Ìmẹ̀kọ.

Bàbá, gbogbo ìtọ̀ tó wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, tirẹ̀ nìkan ni ìtọ̀ ọ̀sán.

Ìlà yọ. Ọ̀gbẹ́ni Dúró kán díẹ̀ sórí díńgí ẹ̀rọ wọn, wọ́n wò ó, wọ́n fi ọwọ́ pe Ọ̀gá. Ọ̀gá wò ó, wọ́n fà mí mọ́ra kí n wò ó. Ẹyin wà níbẹ̀, wọ́n pọ̀, ṣóńṣó ẹnu wọn hàn kedere. Ọ̀gá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé yín, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn mu omi, kí wọ́n rìn yí pápá po títí ara á fi gbóná, kí wọ́n sì wá tọ̀ ní ọ̀tun. Ẹ̀ bá rí àwọn ọ̀rẹ́ yín! Bàbá Àlàbá ń sáré, wọ́n di fìlà mú. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn lára àwọn tí ìlà ti yọ sí ní òwúrọ̀, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Àwọn tó ń gbé òkè, tí omi kànga ni wọ́n ń lò, kò sí ìlà, kò sí ẹyin. Ti Ìyábọ̀, tó yí àyíká ilé po ká má baà rí i, kò ní ẹyin ní ọ̀sán náà, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ ṣì yọ. Ọ̀gbẹ́ni Dúró fúnra wọn ló sọ pé ohun tí ẹ̀rọ àwọn ò lè rí ni ìwé wa rí yẹn.

Oníkálukú la ń pè sínú kíláàsì láti gbọ́ tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Ráímì, pé odò ló ti kó o, pé ó lè ti wà lára rẹ̀ láti ìgbà ọmọdé láìjẹ́ pé ó fura, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní àwọn máa ń tọ ẹ̀jẹ̀ nígbà yẹn, pé ẹ̀rín ni àwọn fi ń rín. Ó wá bi mí bóyá ohun kan náà ló ń ṣe Ìyábọ̀. Mo ní kì í ṣe ẹnu mi ni yóò ti gbọ́ ọ, kó lọ bi ìyàwó rẹ̀ tí mo ti sọ tirẹ̀ fún. Ó lọ. Wọ́n dúró lẹ́bàá ìdáná Màmá, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ó lọ tààrà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó jókòó láàárín àwọn obìnrin lábẹ́ igi, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ ọ́ sókè tí gbogbo wọn fi gbọ́.

“Màámi, ẹ má dá Ìyábọ̀ lẹ́bi mọ́. Ohun tó ń ṣe é ń ṣe èmi náà, lára èmi ló tilẹ̀ ti pọ̀ jù. Odò la ti kó o. Èmi ló yẹ kí n ti gbè é látijọ́.”

Ìyá Ráímì dìde, wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n sì bi Ọ̀gá níbi tí àwọn náà ti lè tọ̀.

Wọ́n fi ọ̀pá wọn gíga oníkálukú láti mọ iye oògùn tí yóò lò. Ó korò, ó ń dá èèyàn lóyì, àwọn ọmọdé tutọ́ títí. Màmá lo tiwọn, wọ́n ń ṣàròyé bí oògùn òyìnbó ṣe burú tó. Láti ìgbà náà, inú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń rẹ pákí sí, omi kànga ni wọ́n sì ń lò. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ráhùn pé láfún ò ní òórùn odò mọ́. Mo ní ìyẹn gan-an la fẹ́.

Ráímì gbé Ìyábọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, mo bá wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n wo inú rẹ̀. Wọ́n ní aràn ti dá egbò síbẹ̀, àpòòtọ̀ rẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í le, ṣùgbọ́n kò tíì débi tí oògùn ò ní ràn án, pé ká ní ó tún pẹ́ sí i ni, ìtàn ì bá yàtọ̀. Wọn ò ṣèlérí ọmọ fún un. Wọ́n ní kí a máa wò ó lọ. Inú mi ò dùn sí apá yẹn, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ̀jẹ̀ náà ti dáwọ́ dúró. Ó ti padà sílé ọkọ rẹ̀, wọ́n sì kúrò lẹ́bàá ìyá Ráímì, wọ́n gba iyàrá méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Wọ́n wá kí wa lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Mo tún yẹ ìtọ̀ Ìyábọ̀ wò. A jọ jókòó sórí àtẹ̀gùn níbí, a fi ìwé náà sáàárín wa, a ń wò ó. Ìlà kan ṣoṣo tó fi hàn pé ìwé náà ń ṣiṣẹ́ ló yọ. Ìkejì kò yọ. A tún dúró kọjá ìgbà tó yẹ ká dúró, kò yọ.

Nígbà náà ló wá bi mí pé, ká ní irú èyí ti wà nígbà yẹn, ṣé ẹ̀ bá ṣì wà. Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, Bàbá, mi ò mọ̀, kò sì sí agbóguntàrùn kankan tí mo lè ṣe tó lè bá mi béèrè lọ́wọ́ yín. Ó gbé orí lé èjìká mi, ó sunkún yín, èmi náà sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn ó nu ojú rẹ̀, ó ní ebi ń pa òun, ó wọlé lọ bá Màmá. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibi tí mo wà. Ó ń tọ̀ geere, ó ń sùn mọ́jú, kò sí ibi tó ń ro ó. Ìyábọ̀ kò ní kú ikú tí ẹ kú, Bàbá.

Èmi ni, ọmọ yín àgbà obìnrin,
tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí.